Bí Gbogbo Madam Inú Fáìlì Ṣe Di Alhaja

Ọjọ́ tí ọ̀gá wa ti Mẹ́kà dé, wọn ò tíì jókòó tí òfin fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúró sí àárín ọ́fíìsì, wọ́n ya ẹnu kí gbogbo wa lè rí eyín wúrà tuntun tó wà níbẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ yìí. Láti òní lọ, ẹni tó bá tún pè mí ní Madam, n kò ní dá a lóhùn."

A rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lókè tábìlì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mo ní, "Madam, omi ń kán sórí ìwé yín o." Wọ́n kọjú sí ògiri. Mo tún un sọ. Wọ́n ń wo ògiri náà lọ bí ẹni pé àwòrán Káába wà lára ẹ̀. Omi kán sórí ìwé ẹrù, ó kán sórí fóònù, ó wá kán sórí ìborùn tí wọ́n rà bọ̀ láti Mẹ̀dínà. Ìgbà tí mo ní "Alhaja" ni wọ́n tó fò dìde.

"Háà! Nusirat! O wá ń wò mí níran kí omi pa mí!"

Ẹ ò rí ayé lóde? Èmi ni Nusirat náà. Iṣẹ́ wa ni kí á máa bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní èbúté Apapa. Alhaja Sàfíátù ló ni ilé iṣẹ́, èmi ni mo ń bójú tó kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Ẹnu mi mú díẹ̀. Àwọn èèyàn ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí, mo sì ti fún wọn lésì.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá mi, torí àwọn ló ni ìtàn yìí. Hussainat ni ìyá mi ń jẹ́. Ìwó ni àwọn àti Alhaja ti jọ wá sí Èkó, ọmọge méjì tó ń fi orí ru ẹja dídì ní Ijora. Omi ẹja á máa ṣàn wọ̀ wọ́n lọ́rùn, àwọn méjèèjì á sì máa sọ fún ara wọn pé lọ́jọ́ kan, àwọn á jọ dé Mẹ́kà. Ọlọ́run wá ṣe ti Sàfíátù ní ńlá. Ó ṣe ti ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù àwo àti ìkòkò tòkúnbọ̀ kan níwájú ilé wa ní Boundary. Màámi ń tọ́jú owó Mẹ́kà díẹ̀díẹ̀, nǹkan kan á sì jẹ ẹ́. Owó ilé ìwé mi jẹ ẹ́. Àìsàn bàbá mi jẹ ẹ́. Nígbà tí bàbá kú, ìsìnkú gba ìyókù.

Ní àsàlátù wọn ní Olodi-Apapa, àwọn tó dé lẹ́yìn màámi ti lọ Mẹ́kà, wọ́n ti bọ̀, wọ́n ti fi wúrà séyín. Iwájú ni àwọn Alhaja máa ń jókòó sí. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ni màámi máa ń tẹ́ ẹní wọn sí. Tí ènìyàn bá béèrè, wọ́n á ní àwọn fẹ́ràn atẹ́gùn. Irọ́ ni. Ó ń dùn wọ́n, ó sì ń dun èmi náà, torí èmi ni mo fi owó Mẹ́kà kàwé.

Ìdí nìyẹn tí ara fi ń ta mí nígbà tí Alhaja pe èmi àti Lùkúmọ̀n lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ní, "Ẹ wò ó, gbogbo ibi tí Madam bá wà nínú kọ̀ǹpútà yìí, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, kí ẹ fi Alhaja síbẹ̀. N kò lọ bẹ́ sókè-sódò nínú oòrùn Mẹ́kà kí kọ̀ǹpútà máa fi orúkọ àtijọ́ pè mí."

Lùkúmọ̀n ni ọmọ àbúrò Alhaja. Ilé wọn ló dàgbà sí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba, ó sì ń lo jígí ojú tí kò sí dókítà kankan tó ní kó lò ó.

Iṣẹ́ yẹn ò kéré o. Gbogbo ìwé wa ló wà nínú fódà kan, fáìlì wẹ́wẹ́ lóríṣiríṣi. Láràárọ̀ ni kọ̀ǹpútà máa ń fúnra ẹ̀ mú àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá kàn, á fi ránṣẹ́ sí fóònù oníbàárà: Madam Lágbájá, a kí yín, ẹrù yín ti dé, ẹ wá yọjú sí wa. Nísàlẹ̀ ẹ̀, á wá kọ ọ́ pé: Èmi ni, Madam Sàfíátù. Tí a bá ní ká máa ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan ká máa fọwọ́ tún un ṣe, Alhaja á tún lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀kejì kí á tó parí.

Ọgbọ́n kan wà fún irú ẹ̀, regex lorúkọ ẹ̀. Ẹni tó bá ti bá wa ṣiṣẹ́ ní èbúté rí, á tètè yé e. Tí a bá ní kí o lọ wá kọ̀ǹténà nínú yáàdì, bí o kò bá tiẹ̀ mọ nọ́ńbà ẹ̀, o ṣáà mọ bí nọ́ńbà kọ̀ǹténà ṣe máa ń rí: lẹ́tà mẹ́rin ní iwájú, nọ́ńbà méje lẹ́yìn. Bí regex ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ìrísí ohun tí ò ń wá lo máa júwe fún kọ̀ǹpútà, á sì wá gbogbo ohun tó bá rí bẹ́ẹ̀ jáde fún ẹ nínú gbogbo fáìlì. Ewu ibẹ̀ ni pé kò ní bi ọ́ pé èwo gan-an lo ní lọ́kàn. Ohun tó bá ti jọ ọ́, ó ti kó o nìyẹn. Torí náà, irinṣẹ́ tí o bá mú dání ṣe pàtàkì, ibẹ̀ sì ni ìjà èmi àti Lùkúmọ̀n ti bẹ̀rẹ̀.

Lùkúmọ̀n ní, "Sed ni màá lò. Inú terminal ni màá ti ṣe é. Ìlà kan péré, ó parí."

"Terminal wo?" Alhaja ní. "Ṣé ti Tin Can? Wọn ò ní jẹ́ kí o wọlé níbẹ̀ láìní káàdì."

"Rárá, mọ̀mí Alhaja, inú kọ̀ǹpútà níbí ni." Ó bá ṣí ojú dúdú kan tí kò ní àwòrán, tí kò ní bọ́tìnnì, àfi ìlà funfun kékeré kan tó ń ṣẹ́jú.

Mo ní, "VS Code ni tèmi. Á kọ́kọ́ to gbogbo ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ lápá kan, á fi ti àtijọ́ àti ti tuntun hàn mí pa pọ̀. Èyí tí mi ò bá fẹ́ kó yí padà, màá yọ ọ́ kúrò kí n tó tẹ̀ ẹ́."

Lùkúmọ̀n rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ti àwọn obìnrin. Ọkùnrin gidi kì í lo ohun tó ní fèrèsé."

"Obìnrin ló gbà ẹ́ síṣẹ́," mo ní. Alhaja wúkọ́.

Mo wá rọra sọ fún Alhaja pé ọ̀rọ̀ yìí ò gba ìkánjú. Mo ní, "Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù tó bà lé..."

"Nusirat! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé!"

Mo gbé ìyókù òwe náà mì. Mo kọjú sí Lùkúmọ̀n, mo ní, "Ó kéré tán, fi grep wò ó ná. Grep kì í yí nǹkan kan padà, á kàn fi ibi tí gbogbo Madam wà hàn ẹ́ ni. Kí o sì fi kópì àtijọ́ pamọ́."

"Kópì kí la fẹ́ fi ṣe? Ta ni Madam nínú ọ́fíìsì yìí? Ṣebí ẹyọ kan náà ni."

Ó tọ́ lójú tiẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, tí o bá ti gbọ́ Madam, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè pé Madam wo. Madam ti dé. Madam ń bínú. Ta ló jẹ ẹran Madam? Ẹni tó bá dàgbà sínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò lè sọ sí i lọ́kàn pé Madam mìíràn wà lábẹ́ ọ̀run.

Alhaja ní, "Èwo ló yá jù nínú méjèèjì?"

"Sed," Lùkúmọ̀n dáhùn.

"Ó yá, ṣe é."

Lùkúmọ̀n tẹ ìlà kan síbẹ̀: sed -i 's/Madam/Alhaja/g' *, ìyẹn ni pé, kí gbogbo Madam inú gbogbo fáìlì di Alhaja. Ó gbé ìka sókè, ó wò mí lójú, ó sì tẹ Enter. Ojú dúdú náà dákẹ́ rọ́rọ́. Bí sed ṣe ń ṣe nìyẹn, tó bá ti ṣiṣẹ́ tán kì í pariwo, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Lùkúmọ̀n na ara. Alhaja gbé dàbínù Mẹ́kà odidi ike kan fún un. Èmi náà rí ẹyọ kan gbà, ìyẹn sì ti gbẹ.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Àǹtí Ijeoma ló kọ́kọ́ dé. Àwọn àti ìyá mi ni ṣọ́ọ̀bù wọn jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Boundary, firiji ni wọ́n ń tà, díákónẹ́ẹ̀sì sì ni wọ́n ní ìjọ wọn. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé fóònù sí mi lójú.

"Nusi, abeg, who carry me go Mecca?"

Mo wò ó. Alhaja Ijeoma, a kí yín, ẹrù yín ti dé. Èmi ni, Alhaja Sàfíátù.

"Pásítọ̀ mi ti rí i o! Ó bi mí bóyá mo fẹ́ padà wá sí ìpàdé àdúrà lọ́jọ́ Wẹsidé àbí mo ti ṣí lọ!"

Mo sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Yéè! Kò ku Madam kan. Gbogbo oníbàárà obìnrin tí a ní ló ti di Alhaja. Alhaja Ebinimi, tó ń ta ọtí bíà ní Olodi-Apapa. Lẹ́tà òyìnbó tí a ń kọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, gbogbo ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Dear Sir/Alhaja. Ọ̀gá ọkùnrin kan tiẹ̀ ti fèsì padà pé òun kì í ṣe Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, kí á máa ka òun mọ́ àwọn Sir.

Mo ń rẹ́rìn-ín lọ, inú mi ń dùn pé ojú ti Lùkúmọ̀n, àfi ìgbà tí mo kan orúkọ kan. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Alhaja Hussainat, a kí yín, ẹrù yín ti dé. Èmi ni, Alhaja Sàfíátù. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà ti lọ láti àárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń já mi láyà. Lọ́dọ̀ tiwa, ìgbàgbọ́ wà pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé, títí ogójì ọjọ́ á fi pé, àdúrà ẹnu ẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi máa ń rọ́ lọ sílé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun tó bá pè ọ́, ohun tó bá sọ pé o máa dà, o kò ní jiyàn, Àmín lo máa ṣe. Ogójì ọjọ́ Alhaja ò sì tíì pé.

Mo délé nírọ̀lẹ́, mo bá màámi lórí àga lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n di fóònù mú bí ẹni di ẹyin mú. Àwọn ará àdúgbò ń kọjá, wọ́n ń kí wọn ní Alhaja, àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, màámi sì ń dá gbogbo wọn lóhùn.

"Nusirat," wọ́n ní, "wọ́n ti pè mí. Sàfíátù fúnra ẹ̀ ló pè mí. Omi sàmúsàmú ò tíì gbẹ lẹ́nu ẹ̀ tó fi pè mí ní Alhaja."

"Màámi, ẹ̀rọ ni o. Lùkúmọ̀n ló..."

"Orúkọ ta ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀?"

Àánú wọn ń ṣe mí, inú sì ń bí mí sí Lùkúmọ̀n dé ibi pé tí mo bá rí jígí ojú ẹ̀ nílẹ̀, màá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo rò pé kó tó di ọjọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ náà á ti rọlẹ̀.

Kò rọlẹ̀. Ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú, èmi ni mo bá wọn gbé ẹní. Alhaja ò wá, ọ̀fìnkìn Mẹ́kà ń dà wọ́n láàmú. Nígbà tí àdúrà parí, màámi dìde lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n gbé fóònù sókè, wọ́n sì kà á sétí gbogbo ìjọ. Ìyá Àsàlátù, olórí wọn níbẹ̀, gbà á, wọ́n wọ jígí, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Sàfíátù ló pè é báyìí?" wọ́n ní. "Nínú ogójì ọjọ́ ẹ̀? Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹnu tó pè é, Ọlọ́run á fi ọwọ́ onítọ̀hún náà mú un débẹ̀."

Àmín tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn, páànù òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Wọ́n ní kí màámi bọ́ síwájú. Àwọn Alhaja súnra kì fún wọn. Mo dúró sẹ́yìn, mò ń wo orí màámi níwájú lọ́hùn-ún láàárín àwọn ìborùn olówó, omi bọ́ lójú mi. Torí mo mọ̀ pé tí Alhaja bá gbọ́, a máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, àti pé tí ó bá ti lọ, àwọn obìnrin yìí kan náà ló máa fi ìyá mi ṣẹ̀sín títí ayé.

Lọ́jọ́ Ajé, Alhaja ti ń dúró dè wá. Fóònù wọn ò sinmi. Ìyá Àsàlátù ń kí wọn kú iṣẹ́ rere, èyí ń ṣàdúrà fún wọn, òmíràn ń béèrè bóyá àyè tún kù fún àbúrò òun.

"Ẹ wo ohun tí ẹ fi mí dá!" wọ́n pariwo. "Ta ló ní mo fẹ́ mú ẹnikẹ́ni lọ Mẹ́kà? Ẹ tún gbogbo ẹ̀ ṣe lónìí. Kí ẹ sì kọ ọ́ sí gbogbo wọn pé ẹ jọ̀ọ́, a ṣì yín pè ni."

Lùkúmọ̀n ní, "Kò le, mọ̀mí Alhaja. Màá fi sed dá a padà ní wéré. Gbogbo Alhaja á di Madam."

Mo ní, "Alhaja fúnra wọn náà á sì di Madam padà."

Alhaja bọ́ bàtà. Lùkúmọ̀n ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí bàtà náà tó gbéra.

Wọ́n wá fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Nusirat, fi ti fèrèsé yẹn ṣe é." Ìgbà yẹn ni mo tó mí sílẹ̀ bí ẹni tó jàre lẹ́jọ́. Mo ṣí VS Code, mo kọ ìrísí tí mò ń wá síbẹ̀: Alhaja(?! Sàfíátù). Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé, wá gbogbo Alhaja, àyàfi èyí tí Sàfíátù bá tẹ̀lé. Sed Lùkúmọ̀n ò mọ àyàfi yẹn. Kọ̀ǹpútà to gbogbo wọn kalẹ̀ lápá òsì. Ṣùgbọ́n àyàfi kan kọ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn oníbàárà kan ti jẹ́ Alhaja tipẹ́, Lùkúmọ̀n ò sì fi kópì kankan pamọ́ tí mo lè fi wé e. Irinṣẹ́ kankan ò lè mọ ẹni tó dé Mẹ́kà àti ẹni tí kò dé ibẹ̀. Àfi kí á máa fi ojú mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Alhaja mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, mò ń pe orúkọ, wọ́n ń dáhùn.

"Ijeoma?"

"Madam."

"Ebinimi?"

"Astagfirulai. Madam."

"Morìnsọ́lá?"

"Ó lọ lọ́dún tí àkọ́bí ẹ̀ gbéyàwó. Fi í sílẹ̀."

Mo tẹ àmì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, ó bọ́ kúrò nínú àwọn tó máa yí padà. Bẹ́ẹ̀ là ń bá a lọ títí tí a fi dé orúkọ kan. Mi ò pè é. Alhaja náà rí i.

"Dá a padà," wọ́n ní, wọn ò wo ojú mi.

"Alhaja, ẹ fọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́." Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Mi ò lè fọwọ́ mi lé ìyá mi padà sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ lé mi níṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́."

"Ẹnu ẹ yìí ló máa pa ọ́ lọ́jọ́ kan."

Kí wọ́n tó sọ èyí tó kàn, màámi wọlé, aṣọ funfun lọ́rùn, wọ́n ru abọ́ mósà ńlá kan tó ṣì ń gbóná. Sàárà ni wọ́n gbé wá. Wọ́n pín in fún gbogbo ọ́fíìsì, Lùkúmọ̀n yọjú láti ẹnu ọ̀nà, òun náà gbà tiẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kúnlẹ̀ níwájú Alhaja, àwọn tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wọ́n.

"Dìde, Hussainat, dìde. Gbọ́ ná. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí..."

"Má sọ ọ́, Sàfíátù. A ti ṣe Àmín sí i. Ìyá Àsàlátù ní kí n kí ẹ o. Ó ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, gbogbo ìjọ ló máa ṣàdúrà fún ẹ, ìwọ nìkan." Màámi fa ọwọ́ Alhaja mọ́ra. "Ṣé o rántí Ijora? Ọjọ́ tí òjò pa wá pẹ̀lú ẹja lórí, tí o ní, 'Hussainat, ẹni tó bá kọ́kọ́ là nínú wa, á mú èkejì lọ'? Mo mọ̀ pé o kò gbàgbé. Ariwo owó ni kò jẹ́ kí o gbọ́ ọ mọ́."

Mo wo Alhaja. Wọ́n mú mósà kan, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ, omi lé ròrò sí wọn lójú.

"Ìwọ lo gba agbọ̀n ẹja yẹn lórí mi lọ́jọ́ náà," wọ́n ní jẹ́jẹ́. "Ibà ń ṣe mí. O ru tìẹ, o tún padà wá ru tèmi."

"O ṣáà rántí," màámi ní.

Alhaja nu ojú nù, wọ́n kọjú sí mi, wọ́n gbé ohùn ọ̀gá wọ̀ padà. "Nusirat! Kí lò ń wò? Yọ orúkọ yẹn kúrò nínú àwọn tó máa yí padà. Kí o sì bá mi pe bàbá tó ń kó èrò lọ Mẹ́kà, sọ fún un pé èèyàn kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

Mo tẹ àmì kékeré náà. Orúkọ ìyá mi bọ́ kúrò nínú àwọn tó máa yí padà. Mo wá tẹ ìyókù, àwọn Madam padà sípò wọn, Sir náà sì rí Madam ẹ̀ gbà padà.

Ìrọ̀lẹ́ ni èmi àti màámi jọ wọ kẹ̀kẹ́ délé. A ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán ní Boundary tí Àǹtí Ijeoma fi nawọ́ sókè láti iwájú ṣọ́ọ̀bù firiji wọn, tí wọ́n pariwo, "Alhaja Hussainat! How far? E work?"

"Ó ṣiṣẹ́ o!" màámi dáhùn, wọ́n sì jó lẹ́ẹ̀kan.

Mo dúró. "Màámi. Kí ló ṣiṣẹ́?"

"Kí lo tún ń bi mí?"

"Màámi!"

Wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù nínú báàgì, wọn ò wo ojú mi. "Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Ijeoma fi tiẹ̀ hàn mí. Díákónẹ́ẹ̀sì tó di Alhaja! Ebinimi ọlọ́tí náà pè wá, òun náà ti dà á. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà yín ló ń ṣiṣẹ́ òmùgọ̀?"

"Ẹ mọ̀, ẹ wá gbé e lọ sí àsàlátù!"

"Ẹ̀rọ ṣe àṣìṣe, èmi ṣe Àmín. Èwo ló burú níbẹ̀?" Wọ́n rí kọ́kọ́rọ́ náà. "Ọmọ mi, ó pẹ́ tí mo ti ń pe Sàfíátù, kò gbọ́. Ènìyàn ò mọ ẹni tí Ọlọ́run máa rán níṣẹ́. Ó wu Ọlọ́run, ó rán Lùkúmọ̀n."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí, mo jókòó sórí ìkòkò tòkúnbọ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà. Inú mi dùn débi pé mo dárí ji Lùkúmọ̀n, ọjọ́ kan péré ṣá. Màámi ṣílẹ̀kùn, wọ́n gbé abọ́ mósà wọlé, wọ́n tún yọ orí jáde.

"Nusirat, lọ́jọ́ Àìkú, má gbé ẹní mi lọ sẹ́bàá ilẹ̀kùn mọ́ o. Atẹ́gùn ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi."